Ìjókòó Ẹ̀yìn Tí Selby Rà fún Melvina

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ọkùnrin tó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ jù lọ ní Dory Arm, ẹ kàn bi àwọn obìnrin ibẹ̀ léèrè. Selby Keeping ni wọ́n á dárúkọ fún yín. Kò sí ọkọ kan ní abúlé etí òkun yẹn tí ìyàwó ẹ̀ ò tíì fi Selby bú rí. "Wo Selby o, wo ohun tó rà fún Melvina! Ìwọ ńkọ́, kí lo rà fún mi? Ìkòkò!" Ohun tí wọ́n ń sọ ni máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan, bí alùpùpù onítáyà mẹ́rin tó ń wọ igbó, pupa fòò, tí Selby gbà wálé lọ́dún tí orúnkún Melvina kọ̀ tí kò gba ìrìn mọ́. Ti àwọn yòókù, ìjókòó kan péré ló ní. Ti Selby ní ìkejì lẹ́yìn, ó ga díẹ̀ ju ti iwájú lọ, ó ní ìfẹ̀yìntì, ó ní ibi ìdìmú lọ́tùn-ún àti lósì, kí ẹni tó wà lẹ́yìn lè jókòó bí ayaba. Selby fúnra ẹ̀ ló ń sọ bẹ́ẹ̀, "bí ayaba", ó sì ń sọ ọ́ kíkankíkan débi pé gbogbo abúlé sọ máṣíìnì náà ní Ẹṣin Melvina.

Ọdún kẹsàn-án rè é tí Ẹṣin Melvina ti wà ní ẹ̀yìnkùlé Selby. Melvina ò sì tíì gùn ún rí.

Ẹ má tíì pariwo. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, torí Selby kì í ṣe èèyàn burúkú, ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an nìyẹn. Èèyàn burúkú ì bá ti là á mọ́lẹ̀ pé òun ò gbé e, kálukú ì bá sì gba ilé ẹ̀ lọ. Selby ní in lọ́kàn láti gbé e. Ní gbogbo ọdún mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó ní in lọ́kàn.

Ìparí ìgbà ooru ni máṣíìnì náà dé. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣí ọdẹ múùsì, ẹran ńlá inú igbó Newfoundland yìí, tó ga ju ẹṣin lọ. Ọkùnrin méjì ló máa ń pín ìwé àṣẹ kan láti pa ẹyọ kan, Selby àti Ambrose Rideout ló sì ti ń pín tiwọn láti ìgbà tí irun wọn ṣì dúdú. Tí wọ́n bá pa á tán, wọ́n á gé e sí mẹ́rin, itan kan á wúwo tó géńdé ọkùnrin. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ò ṣeé gbé sórí ìjókòó. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ìjókòó ẹ̀yìn yẹn lọ́nà tó fi ṣeé yọ: ẹ fa irin kékeré mẹ́rin, ìjókòó á kúrò, àpótí ẹrù á bọ́ sí àyè ẹ̀. Selby yọ ọ́. Ó fi ọ̀rá wé e dáadáa, ó gbé e sórí àjà ṣẹ́ẹ̀dì, ilé pákó tó ń kó irinṣẹ́ sí. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni, ó ní.

Lẹ́yìn múùsì, igi ìdáná ló kàn. Lẹ́yìn igi, yìnyín dé. Nígbà tí yìnyín yọ́, wọ́n ń fi àpótí náà kó ewé òkun lọ sí oko ọ̀dùnkún. Lẹ́yìn náà ni oṣù kẹjọ wọlé, àsìkò èso àbàtà sì dé.

Èso yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ló máa ń so lórí igi ẹ̀, igi náà ò sì ga kọjá ọrùn ẹsẹ̀. Tó bá pọ́n, àwọ̀ ẹ̀ á dà bí agbálùmọ̀. Kì í pẹ́ lórí igi. Tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ sinmi díẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ máa bá a tó ti di omi. Gbogbo ìdílé ló ní ibi tiwọn nínú àbàtà, wọn kì í sì í fi ibẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ẹ lè bi ọkùnrin Dory Arm léèrè iye tó ní ní báńkì, á fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, á sì dá yín lóhùn. Ẹ bi í léèrè ibi tó ti ń ká èso, ọ̀rẹ́ ti bà jẹ́ nìyẹn. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni kálukú máa ń yọ́ lọ, kí aládùúgbò má baà rí apá ibi tó yà sí.

Ibi ti Melvina, ìyá ẹ̀ ló fi hàn án. Ìyá ìyá ẹ̀ ló fi han ìyá ẹ̀. Kò tíì fi han Selby rí, torí pé Selby, ẹja ló ń pa nígbà tí agbára ń bẹ, kò sí nílé nígbà èso, àti pé irú ibi bẹ́ẹ̀, wọn kì í fẹnu júwe ẹ̀, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń débẹ̀. Lọ́jọ́ tí máṣíìnì dé, inú Melvina dùn bíi kó fò. Ó ní, "Selby, màá jókòó lẹ́yìn, màá máa fọwọ́ tọ́ ẹ lẹ́jìká. Yà síbí, yà sọ́hùn-ún. O máa mọ ibẹ̀ ní tìẹ náà."

Oṣù kẹjọ àkọ́kọ́, ó jáde láàárọ̀ tòun ti bàtà òjò àti gèlè kékeré lórí, ó gbé korobá dání. Igi kún orí máṣíìnì fọ́fọ́.

"Ọ̀la, Mel," ni Selby wí. "Jẹ́ kí kùrukùru yìí ká ná."

Lọ́la, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi Ambrose kọ̀, Selby lọ bá a wò ó. Lọ́túnla, òjò. Nígbà tó fi máa rántí, èso ti rọ̀. Ojú tì í díẹ̀, ó wá mú Ambrose, wọ́n lọ sí àbàtà ẹ̀gbẹ́ títì tí gbogbo ayé ń ká, wọ́n ká èso korobá kan wálé. "Ṣé o rí i? Mo ti bá ẹ ká a wá. O ò tiẹ̀ ní dààmú orúnkún ẹ." Melvina dúpẹ́, ó sì fi se jáàmù. Lọ́dún kejì, ó tún gbé korobá jáde. Lọ́dún kẹta, ó bi í léèrè lórí tábìlì oúnjẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, kò dárúkọ ẹ̀ mọ́, ara sì tu Selby. Ó rò pé ó ti tán nínú ẹ̀ ni.

Àwọn èèyàn ni ò jẹ́ kó tán. "Selby, ṣé o gbé ayaba lọ sóko lọ́dún yìí?" Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dáhùn pé "A lọ o!", irọ́ náà fúyẹ́ lẹ́nu ẹ̀. Ta ló sì máa já a nírọ́? Ṣé kì í ṣe pé kálukú ń yọ́ lọ kí ilẹ̀ tó mọ́ ni? Bó ṣe di pé á jókòó ní ṣẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú bíà lọ́wọ́, á máa sọ bí àwọn ṣe ká tó, bí Melvina ṣe ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Melvina á gbé ẹja díndín wọlé fún wọn, á gbọ́ ọ, á sì padà sílé ìdáná. Àwọn ọkùnrin yòókù á máa wo ilẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ilé á gbóná fún àwọn lálẹ́.

Nígbà tó wá di ọdún yìí, èjìká Selby kọ iṣẹ́. Dókítà ní kó má di ọwọ́ máṣíìnì mú lójú ọ̀nà olókúta mọ́. Ó lẹ ìwé mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù pé òun fẹ́ ta Ẹṣin Melvina. Èso ti ń pọ́n nígbà tí Leander Bungay wá láti òdìkejì omi, òun àti Daphne ìyàwó ẹ̀. Wọn ò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ní ìbàdí Daphne, ọ̀pá ló fi ń rìn.

"Ọ́ńkù Selby," ni Leander wí, ó ń yí máṣíìnì náà po, "ẹ sọ òtítọ́ fún mi. Ọdún mẹ́sàn-án kì í ṣe eré. Kí ló ń ṣe é?"

Ambrose, tó jókòó sórí korobá tó dojú dé, ní, "Kò sí ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó ni ín ni nǹkan ń ṣe."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Selby bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà sì dùn ún sọ, torí ibi tó mọ̀ nìyí. Ó ní bátìrì ẹ̀ kì í fẹ́ òtútù, kí wọ́n máa yọ ọ́ wọlé. Ó ní eku ti jẹ wáyà abẹ́ ẹ̀ rí, kí wọ́n máa ṣí i wò nígbà ìrúwé. Bẹ́líìtì ẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì lòun ti pààrọ̀ ẹ̀. Táyà ẹ̀yìn apá òsì á máa ké tó bá wọ omi, kí wọ́n má fòyà, gírísì ló ń wá. Epo tó ń mu ò tó nǹkan. Kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni fi okùn fà á wálé. Leander ń mi orí, ó fẹ́ràn ohun tó ń gbọ́.

"Ìjókòó ẹ̀yìn ńkọ́? Torí Daphne ni mo ṣe ń rà á."

"Ó wà lórí àjà," ni Selby wí. "Mo… mo ń tọ́jú ẹ̀ síbẹ̀ ni."

Ó gun àkàbà lọ gbé e wá. Ambrose ló bá a tú ọ̀rá. Gbogbo ara máṣíìnì yẹn, oòrùn àti iyọ̀ òkun ti jẹ ẹ́, pupa ẹ̀ ti ṣá. Ìjókòó náà dúdú kirimu, ó ń dán.

"Áà! Selby! Èyí mà tuntun o," ni Ambrose wí. "Bíi pé inú páálí lo ti já a láàárọ̀ yìí."

"Bí èèyàn bá ń tọ́jú nǹkan," ni Selby wí. Òógùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́rùn ẹ̀. Ó tẹrí ba, ó ń kan irin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ ihò wọn, irin náà le koko.

Àsìkò yẹn ni Melvina gbé tíì wọlé, pẹ̀lú búrẹ́dì díndín tí wọ́n da mólásíìsì, omi ìrèké dúdú, lé lórí. Daphne yíjú sí i.

"Àǹtí Melvina, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin ò yé mi, ẹ́ńjìnnì ni wọ́n mọ̀. Ẹ̀yin lẹ jókòó lẹ́yìn. Ṣé kì í gbọn èèyàn? Irin ni wọ́n fi sí mi ní ìbàdí, ẹ̀rù ń bà mí."

Gbogbo wọn wo Melvina. Selby ò gbé orí sókè. Ó mọ̀ pé ọjọ́ náà ti dé. Orúkọ tó ní ní Dory Arm, ẹ̀rín tí àwọn obìnrin fi ń kí i lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnu ìyàwó ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà báyìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòtítọ́ ń bá a.

Melvina fi épírọ́ọ̀nù nu ọwọ́. Ó wo ìjókòó náà pẹ́.

"Kò gbọn èèyàn," ló wí. "Tẹ́ ẹ bá dé ibi tí kò dáa, ẹ ṣáà fẹ̀yìn tì. Selby kì í sáré. Á máa bi mí pé, 'Mel, ṣé o wà dáadáa?' Tí mi ò bá tètè dáhùn, á dúró, á wẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ òkun á máa fẹ́ sí yín lọ́rùn láàárọ̀ yẹn, ẹyẹ ò ní tíì jí. A máa ń gbé tíì dání. Tá a bá débẹ̀, a kì í kọ́kọ́ ká nǹkan kan. A máa jókòó mu tíì ná. Èmi á máa sọ̀rọ̀ ìyá mi fún un, òun á máa gbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti sọ ọ́ tán lọ́dún tó kọjá. Òun ló máa ń bẹ̀rẹ̀ ká a. Kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀."

Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò kọsẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń hun lójú ẹsẹ̀. Selby gbọ́ ọ, ó sì yé e pé ọjọ́ pẹ́ tí obìnrin yìí ti ń lọ ìrìn àjò yẹn nínú ọkàn ara ẹ̀, lọ́dọọdún, òun Selby sì wà níbẹ̀, Selby kan tó dáa ju òun lọ. Ojú tì í, ó tì í wọ egungun. Ká ní ó bú u ni, ká ní ó la korobá mọ́ ọn lórí lójú gbogbo wọn, ì bá sàn fún un.

Omi ti lé sójú Daphne. "Leander, ṣé o gbọ́? 'Ṣé o wà dáadáa?' Ṣé ìwọ á máa bi mí?"

"Màá máa bi ẹ́ títí tó o fi máa ní kí n panu dé," ni Leander wí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó wá kọjú sí Selby. "Ọ́ńkù, mi ò ní kí ẹ sọ ibẹ̀ fún mi o, mo mọ àṣà. Ṣùgbọ́n irú ọ̀nà wo ni? Kí n lè mọ ohun tí táyà ẹ̀ ti rí. Òkúta ni àbí ẹrẹ̀?"

"Òkúta," ni Selby wí.

"Ẹrẹ̀," ni Melvina wí.

Ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ambrose gbé bíà ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Òkúta díẹ̀, ẹrẹ̀ díẹ̀," ni Selby wí, ohùn ẹ̀ ti ń wọlẹ̀. "Bí ọdún bá ṣe rí ni."

Melvina tú épírọ́ọ̀nù lára, ó fi kọ́ èèkàn ara ògiri. "Kí lẹ ń da ara yín láàmú sí? Leander, ẹ ṣáná sí i. Ẹ jẹ́ ká lọ, màá fi hàn yín."

"Melvina!" Ambrose dìde. "Ibi èso ìyá ẹ? O fẹ́ fi han àlejò?"

"Ìyá mi ti kú, Ambrose. Àwọn ọmọ mi wà ní Alberta, wọn ò ní padà wá torí èso. Ta ni mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún? Ẹni tó bá rí ẹni gbé e débẹ̀ ló ni ín. Daphne ti rí ẹni tó máa gbé e."

Kò wo Selby nígbà tó ń sọ ọ́. Ó mú korobá nílẹ̀, ó rìn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. Leander ti jókòó síwájú. Melvina gbé ẹsẹ̀ sókè, ó fẹ́ gbé e lé orí irin tó ń tú èéfín.

"Rárá, Àǹtí, ìyẹn á jó yín! Ibí ni. Ẹsẹ̀ yín síbí."

Ó gbé e síbẹ̀. Ó rọra gun òkè, orúnkún ẹ̀ ń ro ó, ó jókòó. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ wá ohun tó máa dì mú, ó wá a níwájú, ó wá a lábẹ́ itan, bí ẹni tó wọ yàrá àjèjì lókùnkùn. Leander nawọ́ sẹ́yìn, ó mú ọwọ́ ẹ̀ lé ibi ìdìmú lọ́tùn-ún, ó mú èkejì lé ti òsì.

Daphne rí i. Ó wo Melvina, ó wo Selby, ó sì wo ọ̀pá tó fi ń rìn. Ambrose náà rí i.

"Selby," ni Ambrose wí jẹ́jẹ́.

"Orúnkún ẹ̀ ni," ni Selby wí. "Ó máa ń gbàgbé."

Ẹ gbọ́ mi o! Lójú ibẹ̀ náà! Nígbà tí kò sí aṣọ kankan mọ́ tó lè bò ó, ó ṣì na ọwọ́ mú àkísà. Ó tún wá gbé e lé obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ purọ́ nítorí ẹ̀ lórí. Melvina gbọ́ ọ. Ó wẹ̀yìn wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó sì yíjú padà. Máṣíìnì náà gbéra, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà jáde.

Ambrose dé fìlà ẹ̀. Bíà ẹ̀ ò tíì tán, kò sì tíì sí ẹni tó rí i kó fi bíà sílẹ̀ rí.

"Ọdún mẹ́sàn-án," ló wí. "Ọdún mẹ́sàn-án ni Phyllis ìyàwó mi fi ń fi ẹ́ bú mi, Selby. Ọkùnrin yìí, mo ti gba èébú jẹ nítorí ẹ! Mo lọ ra ẹ̀rọ ìfọṣọ nítorí ẹ!"

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Ó jáde, kò sọ pé ó dàbọ̀.

Ó wá ku Selby àti Daphne. Daphne jókòó, búrẹ́dì ẹ̀ ti tutù lórí àwo. Selby fẹ́ ṣàlàyé. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ itan múùsì, ọ̀rọ̀ igi, ọ̀rọ̀ kùrukùru, ti ẹ́ńjìnnì Ambrose. Òtítọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ó tò wọ́n jọ lọ́kàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wò wọ́n, wọn ò tó nǹkan.

"Mo fẹ́ gbé e," ló wí nígbẹ̀yìn. "Lóòótọ́ ni mo sọ fún ẹ. Mo fẹ́ gbé e."

"Mo mọ̀, Ọ́ńkù," ni Daphne wí. Ó sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ìyẹn sì dun Selby ju ti Ambrose lọ.

Nígbà tí wọ́n gbúròó ẹ́ńjìnnì, ó sáré jáde. Wọ́n ń bọ̀. Melvina jókòó gbọingbọin lẹ́yìn, gèlè ti bọ́, irun funfun ẹ̀ ti tú ká, ẹrẹ̀ wà lẹ́rẹ̀kẹ́ ẹ̀. Ó ń sọ nǹkan sí Leander létí, ó ń rẹ́rìn-ín tó fi ń gbọ̀n. Kò sí bí Selby ṣe lè ṣe é, kò rántí ọdún tó gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn. Ó lọ síbẹ̀ láti dì í mú kó lè sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká Leander ló sún mọ́ ọn, ibẹ̀ ni Melvina gbé ọwọ́ lé. Ó gbé korobá fún Daphne. Ó kún.

Selby dúró síbẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ó mọ̀ pé ó yẹ kóun sọ̀rọ̀. Ó ṣí ẹnu láti tọrọ àforíjì, ohun mìíràn ló bọ́ síta.

"Ṣé… ṣé ibẹ̀ jìnnà, Mel?"

Melvina wò ó. Kò bínú. Ẹ̀rín tó ṣì wà lójú ẹ̀ ń lọ díẹ̀díẹ̀, bíi pé àánú ẹnì kan ló ń ṣe é, bóyá ti Selby, bóyá ti ara ẹ̀.

"Rárá o, Selby," ló wí. "Kò jìnnà rárá. Ẹ̀yìn òkè yìí báyìí ni."

Ó yíjú sí Daphne, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un bó ṣe yẹ kó se èso náà, kó má da ṣúgà púpọ̀ sí i.